Ọ̀pẹ Òyìnbó Tí A Gbé Lọ Sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè rìn láti Ìgàndó dé Ìkòtún kí n má sinmi lọ́nà... ẹ gbọ́, Ìgàndó kọ́ lẹ ń wò yìí o. Igbó ni. Igbó àti oko gbágùúdá, ilé kan níbí, ilé kan lọ́ọ̀ọ́kán. Tí ajá bá gbó, a máa mọ ajá ta ni. Lónìí ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbó fún yín.

Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti ń gba ohùn mi? Ẹn-ẹn. Ẹ jẹ́ n jókòó dáadáa.

Ọkọ mi, bàbá bàbá yín, káfíńtà ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá, èmi àti òun àti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi, Bàbá Múnírù ni mo ń pè é. Owó epo rọ̀bì ti dé nígbà yẹn. Ó tó ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò ní apá òsì kó máa gba apá ọ̀tún. Háà, ayé dùn! Gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ló ń kọ́lé, káfíńtà ò ráyè jókòó. Àwọn ọkùnrin yòókù, tí owó bá ti dé ọwọ́ wọn, wọ́n á ra rédíò, wọ́n á ra gírámafóònù. Ọ̀kan tiẹ̀ ra fìríìjì, iná ò sì tíì dé àdúgbò wa... aṣọ ìyàwó rẹ̀ ló ń kó sínú ẹ̀! Tèmi ńkọ́? Tèmi ra ṣọ́bìrì.

Mo ní, "Bàbá Múnírù, kí lẹ fẹ́ fi ṣọ́bìrì ṣe? Ṣé ẹ ti di bíríkìlà ni?"

Ó ní, "Ọ̀pẹ ni mo fẹ́ gbìn."

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò lè mọ̀ bó ṣe pa wá lẹ́rìn-ín tó. Ta ló ń gbin ọ̀pẹ? Nílé wa lọ́hùn-ún, ọ̀pẹ kì í ṣe ohun téèyàn ń gbìn. Ẹyẹ ló ń jẹ ẹyìn, ẹyẹ náà ló ń gbìn ín. Ẹ kàn máa dé oko lọ́jọ́ kan ni, ẹ ó bá ọ̀pẹ níbẹ̀. Kí ọkùnrin tó láya nílé wá máa gbẹ́ ilẹ̀ nítorí ọ̀pẹ... ó dà bí ẹni tó ń bomi rin koríko. Sùlé tó ń ránṣọ ní ìta, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ fún un lójú mi pé, "Káfíńtà, ẹyẹ ló ń gbin ọ̀pẹ o."

Ó ní, "Ti ẹyẹ, ti ẹyẹ ni. Èyí, tèmi ni."

Ibo ló ti rí i? Ó lọ kan sílíìnì sílé olówó kan ní Ìkẹjà. Ó ní ọ̀pẹ tò láti géètì títí dé ẹnu ọ̀nà, ara wọn ń dán, ó funfun, bí ìgbà tí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ọ̀pẹ òyìnbó. Ó ṣa èso wọn tó já sílẹ̀, ó kó o sápò ṣòkòtò. Èmi ni mo ń fọ ṣòkòtò yẹn! Mo rí èso wẹ́wẹ́, mo ti fẹ́ dà á nù, ló bá pariwo bí ẹni pé ọmọ ló fẹ́ bọ́ sí kànga. Ó fi ìṣó lu ihò sídìí agolo mílíìkì, ó gbìn wọ́n síbẹ̀, ó tò wọ́n sójú wíńdò. A retí, a retí. Gbogbo wọn jẹrà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló hù.

Ẹyọ kan yẹn ló gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Nígbà tó kúrò nínú agolo, ó gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Tí oòrùn bá mú, agbòòrùn mi ló máa lọ ṣí lé e lórí. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí eruku bo ewé rẹ̀, á fi àkísà tútù nù ún, ewé kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Á tún kí i. Ní àárọ̀! "Ṣé o sùn dáadáa?" Kò tíì bi èmi o! Àwọn obìnrin ilé wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "Ìyá Múnírù, orogún yín ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Ó wà o. Ó tún ti yọ ewé tuntun, ẹ bá mi kí i kú oríire."

Báyìí ló dàgbà títí ó fi ga ju ọkùnrin lọ.

Bàbá Onílé wa wá wò ó lọ́jọ́ kan. Ọmọ Àwórì ni bàbá náà, ó ti dàgbà, ó máa ń ti ọ̀pá, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Káfíńtà, ṣé ó ń so?"

"Kì í so èyí téèyàn ń jẹ, bàbá."

"Ẹmu ńkọ́?"

"Kò ní ẹmu."

"A lè já imọ̀ rẹ̀ ṣe ìgbálẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a, bàbá."

"Kí ló wá wà fún?"

Ọkọ mi ní, "Ká máa wò ó ni."

Bàbá pòṣé. "Ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí!" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ó tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bèèrè nǹkan kan. Ó ní, "Káfíńtà, mo fẹ́ fa ilé yìí gùn. Àwọn èèyàn ń wá yàrá lójoojúmọ́. Ibi tí ọ̀pẹ rẹ wà yẹn, ìpìlẹ̀ máa gba ibẹ̀. Kí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tó dé, wá nǹkan ṣe sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdá ni."

Mo dá a lẹ́bi? Rárá. Ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò jẹun mọ́. Ó á fi ẹ̀kọ sílẹ̀ títí á fi gan. Ibo ló máa gbé e lọ? A ò ní ilẹ̀ kankan, ayálégbé ni wá. Èmi tí mò ń pè é lórogún, àyà mi wá ń já fún un.

Ìyá Ìjọ ló yọ wá. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan wà lókè àdúgbò, pákó la fi kọ́ ọ nígbà yẹn, Bàbá Múnírù ló kan bẹ́ǹṣì wọn. Ìyá Ìjọ gbọ́, ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó wá láìwọ bàtà. Ó ní, "Káfíńtà, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣófo. Ẹ gbé e wá."

Ni Sùlé bá fò sókè. "Ìwọ Mùsùlùmí! O fẹ́ gbé ọ̀pẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Ọkọ mi ní, "Sùlé, ọ̀pẹ kì í kírun, kì í sì í kọrin. Ilẹ̀ ló ń wá. Ṣé o ní ilẹ̀?"

Sùlé padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, ta ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́ dé? Sùlé náà ni.

Wọ́n gbẹ́ ẹ yípo, wọ́n fi àpò ìrẹsì di gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, gèlè mi ni wọ́n fi wé àwọn ewé rẹ̀ pọ̀ sókè. Gèlè ọdún Iléyá! Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìlẹ̀kùn tuntun kan tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún oníbàárà, àwọn ọkùnrin wá gbé e léjìká, ó di ojú títì. Òkú ló jọ! Obìnrin kan tó ń ti Ìkòtún bọ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ta ló kú?"

Sùlé ní, "Orogún Ìyá Múnírù ni."

"Yéè! Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un o!"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sójú ọ̀nà. Bàbá Onílé náà ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn o. Kò bá wọn gbé e. Ó kàn ń ti ọ̀pá, ó ń bú wọn, "Ẹ rọra! Ẹ ò lójú ni? Ẹ rọra jàre!"

A dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìjọ bá nawọ́. "Bàtà! Ẹ bọ́ bàtà! Ilẹ̀ mímọ́ ni." Ọ̀pẹ ńlá wà léjìká, àwọn ọkùnrin ń fi ẹsẹ̀ kan ta bàtà ẹsẹ̀ kejì dànù. Ti Sùlé ní okùn, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ bá a tú u. Ó ń mí gúle gúle, ó ń sọ pé, "Káfíńtà, n ò ní gbàgbé èyí fún ẹ láyé."

A gbìn ín. Ó dúró. Inú wa dùn.

Nígbà tó yá... ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ewé ìsàlẹ̀ gbẹ, ti àárín tẹ̀lé e. Omi tí ọkọ mi ń bù sí i ò dá, ojoojúmọ́ ló ń lọ, bó bá ti kírun àárọ̀ tán báyìí, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ti ń wò ó pé ṣé ọkùnrin yìí ti yí padà ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pẹ kì í ya ẹ̀ka? Orí kan ṣoṣo ló ní. Tí màrìwò àárín yẹn bá kú, ó tán. Ọkọ mi á na ọwọ́ sí i, á kàn fọwọ́ bà á díẹ̀, kò ní jẹ́ fà á. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ yọ sí i lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa jọ lọ wò ó, ọkọ mi rí nǹkan funfun lójú ilẹ̀ ibẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Ó tu ú dànù.

"Iyọ̀!"

Ó bojú wo Ìyá Ìjọ. Ìyá Ìjọ fọwọ́ bo ẹnu. "Káfíńtà, ẹ má bínú o. Ṣebí iyọ̀ la máa ń fi sí ihò àgbọn tá a bá ń gbìn ín? Mo ní òun náà á fẹ́. Mo tiẹ̀ gbàdúrà sí i."

Sùlé ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi ní, "Ìwọ ńkọ́?" Sùlé ní, "Ẹ̀kúnwọ́ kan ni... ó lè jẹ́ méjì." Ọkùnrin kan tó bá wa gbé e náà jẹ́wọ́. Òmíràn jẹ́wọ́. Olúkúlùkù ti dá wá, olúkúlùkù ti bu iyọ̀ tirẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì! Èmi nìkan ni n ò fi sí i. Kì í ṣe ọgbọ́n o, mi ò kàn rò ó ni.

La bá gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wa. Bàbá Onílé ni. Ó ní, "Odidi ìkòkò kan ni tèmi."

Gbogbo wa yíjú wò ó.

Ó ní, "Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní kó má lọ kú sí mi lọ́rùn."

Mo rò pé ọkọ mi á bínú. Ó wò wọ́n yí po, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé gbogbo yín lẹ pawọ́ pọ̀ fẹ́ràn ẹ̀ pa báyìí?" Ó wá ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá fi iyọ̀ síbẹ̀, kó lọ pọn omi."

Wọ́n bó iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, wọ́n kó òmíràn sí i. Omi odò ni wọ́n ń dà sí i kó lè fọ iyọ̀ yẹn wọlẹ̀ lọ. Àárọ̀, ìrọ̀lẹ́. Ẹ bá mi wo Bàbá Onílé, àgbàlagbà, tó ru garawa omi, tó bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, àwọn ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú ìbòrí wọn! Kò ní bèèrè ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ ọkọ mi, ìtìjú. Èmi ló máa ń bi. "Ìyá Múnírù, aláìsàn ńkọ́?" Mo á ní, "Ó wà bó ṣe wà, bàbá."

Ó wà bó ṣe wà títí... àfi ìgbà tí mò ń ro ògì lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré. Bàbá Onílé! Kò dé fìlà, kò mú ọ̀pá. "Káfíńtà! Káfíńtà o! Ó ti là! Màrìwò ti là!"

Ọkọ mi ń fi ráńdà fá pákó. Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Onílé gbá a lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì bá ń sáré lọ lójú ọ̀nà bí ọmọ kékeré. Èmi ò tẹ̀lé wọn. Mo di ọmọorógùn mú, mo rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Lórí orogún mi!

Ó ga, ẹ gbọ́ mi? Ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì wá ń fi í pe ibùdókọ̀ ibẹ̀, "Ọ̀pẹ Òyìnbó, ṣé ẹ ń bọ́lẹ̀?" Bàbá Onílé lọ, Ìyá Ìjọ lọ, Sùlé lọ, ọkọ mi lọ. Ọ̀pẹ wà.

Ẹ̀yin, lónìí, ọ̀pẹ tó ti dàgbà lẹ ń rà, lọ́rì á gbé e wá, kéréènì á sọ ọ́ kalẹ̀. Kò burú. Ó yá kíá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa mọ ará ilé yín. Ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ tiyín. Nítorí nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ títì yìí, tí wọ́n ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì máa lọ, mo lọ dúró níbẹ̀. Ọmọ tó ń wa katakátá náà rí mi, ó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín gbé e ni? Mo lè dúró díẹ̀."

Mo wo ọ̀tún. Mo wo òsì. Ilé pọ̀, ẹ gbọ́, ilé tò lọ rẹrẹ, fẹ́ǹsì gíga gíga. Mo ń wá ẹni tí n ó pè... Mo wá a, mo wá a.

Mo ní, "Máa gé e lọ, ọmọ mi."