Bí Ìwé Ẹ̀bùn Bàbá Mi Ṣe Gbà Mí Lọ́wọ́ Ọmọ Ìyá Mi

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yìn Ín sókè, nítorí ohùn tèmi lè má gbé e dé ibi tó yẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró síbí láàárọ̀ yìí, tí mo sì mọ ibi tí mo máa gbé orí lé bí a bá jáde ìsìn. Àwọn kan wà nínú yín tí wọ́n mọ ìgbà tí mi ò mọ ibẹ̀.

Bẹ̀nádẹ́ẹ̀tì ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí. Ọmọ Pọ̀bẹ́ ni wá, àmọ́ Kútọnù níbí ni wọ́n ti tọ́ wa. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì kọ́ ilé kan sí àdúgbò Akpakpa: yàrá mẹ́rin níwájú, yàrá méjì lẹ́yìn, kànga láàárín. Ọmọ méjì ló yè fún ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi Tìmótè àti èmi. Fòfó ni mo ń pè é, bí àwọn ará ibí ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, ní etí òkun Fidjrossè, ó ń sáré tẹ̀ lé mi, ó ń di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀tá kọ́ ni mo wá sọ.

Nígbà tí ọkọ mi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù tí kò padà mọ́, mo kó àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì, mo padà sílé bàbá mi. Kò pẹ́ sí i ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá ní apá ọ̀tún. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Mà á wẹ̀ ẹ́ kí n tó lọ síléèwé, mà á bọ́ ọ bí mo bá dé. Ìyá mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè gbé e. Tìmótè ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Á ka ìwé ìròyìn fún bàbá, á jẹun, á lọ.

Lọ́jọ́ kan, bàbá pe gbogbo wa jókòó. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń yéni.

Ó ní, “Tìmótè, yàrá mẹ́rin iwájú àti oko ọ̀pẹ tó wà ní Pọ̀bẹ́, tìrẹ ni. Bẹ̀nádẹ́ẹ̀tì, yàrá méjì ẹ̀yìn, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Mi ò ní kí o dúró dìgbà tí mo bá kú o. Láti òní ni.”

Tìmótè dọ̀bálẹ̀. “Ẹ ṣeun, Bàbá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.” Ìyá mi ṣe àmín.

Ni bàbá bá tún ní òun fẹ́ lọ sọ́dọ̀ notẹ́ẹ̀, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti máa kọ ìwé ilé àti ìwé ẹ̀bùn. Ẹ̀yin ará, èmi gan-an ni mo kọ̀! Ojú tì mí. Lójú tèmi, bí ìgbà tí mò ń wá ikú bàbá mi ni yóò rí, bí ìgbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní olè lójú rẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ yìí léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Ọlọ́run kì í bá bàbá rẹ̀ ṣe ìwé. Àgbà náà wà níbí lónìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Bàbá mi ò gbà. Ó ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ ìwé ẹrù ní rélùwéè. Mo rí ọmọ ìyá kan náà méjì tí wọ́n fa aṣọ ara wọn ya nítorí àpò àgbàdo tí ìwé rẹ̀ sọnù. Ẹ gbé mi lọ.”

A gbé e sínú takisí, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Notẹ́ẹ̀ náà lé wa síta ná, ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá nìkan, kó lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ló fipá mú un. Nígbà tó pè wá wọlé, ó kọjú sí mi.

“Màdáámù, ṣé ẹ gba ẹ̀bùn yìí?”

Mo ní, “Bàbá mi ni. Kí ni mo fẹ́ gbà tàbí kí n má gbà?”

Ó ní, “Lójú òfin, ẹ̀bùn tí ẹni tí wọ́n fún kò bá tíì gbà kò tíì di ẹ̀bùn. A ní láti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ gbà á, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.”

Mo fọwọ́ sí i. Bàbá fi ọwọ́ òsì fọwọ́ sí tirẹ̀, ó pẹ́ kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ tán. Tìmótè fọwọ́ sí i pé òun gbọ́, òun ò sì ní àríyànjiyàn. Ìyá mi ò mọ̀wé, ó tẹ àtàǹpàkò. Notẹ́ẹ̀ ní ojúlówó ìwé náà á wà lọ́dọ̀ òun, ó fún mi ní ẹ̀dà kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá kú lọ́dún kejì. Kò pẹ́ tí a sin ín ni Rẹfọlúsíọ̀n dé, tí àwọn sójà gba ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá ìjọba wí o. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e jáde pé mo bá ìjọba wí. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń sọ. Wọ́n fi Tìmótè ṣe délégè àdúgbò, ẹni tó ń ṣojú ìjọba láàárín wa. Gbogbo wa di kamaràádì, bí wọ́n ṣe ní kí a máa pe ara wa. Èmi náà di kamaràádì ẹ̀gbọ́n mi.

Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀. “Àbúrò mi, kòmítè àdúgbò ń kọ orúkọ gbogbo onílé sílẹ̀. Mú ìwé bàbá wá kí n fi hàn wọ́n. Ọ̀la ni mà á dá a padà.”

Mo gbé e fún un. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi wí, ẹ bá mi wí. Fòfó mi ni.

Ọ̀la dé, kò dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mo béèrè, ó ní, “Ìwé wo?” Ẹ̀yin ará, ó wò mí lójú, ó ní ìwé wo!

Wọ́n pè mí sí ìpàdé kòmítè. Tìmótè dìde níwájú gbogbo àdúgbò. Ó kọ́kọ́ ní àṣà wa ní Pọ̀bẹ́ kì í fún obìnrin nílé. Nígbà tó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ń kùn, nítorí wọ́n ti kọ́ wọn pé àṣà àtijọ́ ló ń fà wá sẹ́yìn, ó yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọ̀tá Rẹfọlúsíọ̀n ni mí, pé ọkọ mi ń bẹ lókè òkun, pé mò ń kó àwọn ènìyàn jọ gbàdúrà láti fi ìjọba ré. Ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin wa ti Ọjọ́rú ló ń pè bẹ́ẹ̀! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò ní kọmísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, mo bá ẹrù mi nínú ẹrẹ̀. Òjò ti pa ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi tí mo fẹ́ máàkì, gbogbo ẹ̀ ti di ọ̀kan. Àwọn ọmọ mi jókòó lórí àpótí. Ìyá mi wà nínú ilé. Kò jáde.

Màmá Júlíẹ́ẹ̀tì, tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ló gbà wá sílé ní Agblangandan. Kí Ọlọ́run má gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ sọ òtítọ́, nítorí iwájú Ọlọ́run la wà. Nígbà tí mo sunkún wá síbí, àwọn kan nínú yín ní kí n yọ̀ǹda ilé náà, pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn kan ò kí mi mọ́ nítorí kọmísáríà. Mo gbọ́ ọ. Mo ti dárí jì yín, tàbí mò ń gbìyànjú ẹ̀.

Mo wá rántí ojúlówó ìwé tí notẹ́ẹ̀ fi pamọ́, mo gba tíríbúnà lọ, ilé ẹjọ́ ńlá. Wọ́n ní notẹ́ẹ̀ bàbá mi ti kúrò nílùú, pé gbogbo ìwé tó kọ ti wà lọ́dọ̀ wọn, nínú yàrá kan. Akọ̀wé tó ń ṣọ́ yàrá náà ṣílẹ̀kùn fún mi kí n fojú ara mi rí i. Ìdì ìwé láti ilẹ̀ dé àjà!

Ó ní, “Ọjọ́ ni wọ́n fi tò wọ́n. Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe tiyín?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọdún, mo mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ni. Ó ní ìyẹn ò tó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo padà.

Mo wá gbààwẹ̀. Ọjọ́ méje. Mi ò gbàdúrà tó dára o, mo máa sọ fún yín. Ẹjọ́ ni mò ń bá Ọlọ́run rò. Mo ní, “Ìwọ tí O rí ọjọ́ náà, sọ ọ́ fún mi.” Lọ́jọ́ karùn-ún, mo wà níwájú kíláàsì, mò ń pe orúkọ àwọn ọmọ, mò ń fi àmì sí ẹni tí kò wá. Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí a lọ sọ́dọ̀ notẹ́ẹ̀, èmi náà ò wá! Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ dìrẹ́tọ̀ iléèwé wa, ó sì ní ìwé tó máa ń kọ orúkọ tíṣà tí kò wá sí. Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀, mo sáré. Dìrẹ́tọ̀ rò pé orí mi ti yí. Ó wá ìwé àtijọ́ náà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, eruku bò ó. À ń ṣí i, à ń ṣí i. Ó wà níbẹ̀! Orúkọ mi, ọjọ́ náà, “ó gbé bàbá rẹ̀ lọ ṣe ìwé.” Mo kígbe Halelúyà nínú ọ́fíìsì, ní àsìkò Rẹfọlúsíọ̀n tí ẹnikẹ́ni kì í kígbe bẹ́ẹ̀. Dìrẹ́tọ̀ sáré ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, kò gba akọ̀wé náà ní wákàtí kan tó fi yọ ìwé bàbá mi jáde.

A dé iwájú adájọ́. Tìmótè ní kò sí ẹ̀bùn kankan rí. Ó sì mú ìyá mi wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Adájọ́ bi í, “Ìyá, ṣé ọkọ yín fún ọmọbìnrin yín ní yàrá kankan?”

Ìyá mi ní, “Mi ò gbọ́ ọ rí.”

Mo wò ó. Kò wò mí.

Wọ́n wá ka ìwé náà sókè. Orúkọ bàbá, orúkọ mi pé mo gbà á, orúkọ Tìmótè pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà, àti ní ìsàlẹ̀, àtàǹpàkò ìyá mi. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé e sún mọ́ ọn kó wò ó. Ìyá mi wo ìwé náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó fi ìborùn bo ọwọ́. Tìmótè sáré dìde, ó ní bàbá ló fipá mú òun fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ rí i, mo ti gbàdúrà pé kí ìwé náà jáde. Mi ò mọ̀ pé bó bá jáde, ìyá mi ni ojú máa kọ́kọ́ tì.

Adájọ́ ní èmi ni mo ni yàrá méjì náà. Ọlọ́run ṣe é! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Un!

Mo padà sílé. Tìmótè ti ṣí páànù òrùlé lọ. Ó ti da iyanrìn sínú kànga, kànga tí òun náà ti ń pọn omi mu. Mo tún òrùlé ṣe díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba iwájú mi kọjá, wọn kì í kí mi, nítorí ó ti kìlọ̀ fún wọn.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti Pọ̀bẹ́, níbi tí ìyá mi padà sí lẹ́yìn ẹjọ́ náà, pé ara rẹ̀ ò yá. Mo lọ. Mo wẹ̀ ẹ́, mo se ẹ̀kọ fún un, ó mu ún. Mo wá béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní, “Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́?”

Ó ní, “Ọkùnrin ni yóò sin mí, Bẹ̀nádẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá gbè sẹ́yìn rẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀ mí, ta ni yóò gbé òkú mi?”

Mo ní, “Èmi.”

Ó yíjú sí ògiri. Títí mo fi gbéra lọ wọ ọkọ̀, kò yíjú padà.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí mi nìyẹn. Ọlọ́run tó mọ ọjọ́ tí mo gbàgbé ti fi òrùlé bò mí, mo sì fi gbogbo ògo fún Un. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi kọrin. Bí ẹ bá rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ẹ má dúró dè mí. Ẹ ṣáà máa bá mi yọ̀.