Àwọn Tó Fẹ́ Kọ̀yìn sí Bàbá Jẹ́jẹ́

[Fóònù ń dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré, ó dákẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀lóò?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìdúró—

Ẹ̀GBỌ́N: Ìdúró kẹ̀? Mo jókòó. Aṣọ Nọ́ọ̀sì ni mò ń rán. Apá ọ̀tún wà lórí ẹ̀rọ, ìyókù wà lọ́rùn wọn, abẹ́rẹ́ ló gbé e dúró.

NỌ́Ọ̀SÌ: [láti ọ̀ọ́kán] Ẹ bá mi kí i o!

ÀBÚRÒ: Mo kí wọn. Ẹ̀gbọ́n, dẹ́rẹ́bà wọn ló kọ́kọ́ sọ fún mi o, kí ẹ má baà ní èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà àwọn olórin Ọmọ Ariwo. Bí mo ṣe ń so wáyà lẹ́yìn gbọ̀ngàn báyìí ló—

Ẹ̀GBỌ́N: O wà níbẹ̀! Ìwọ tí o ní iṣẹ́ iná lásán lo fẹ́ lọ ṣe!

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ iná náà ni! Gìtá oníná wọn ló ń lo iná. Ẹ jẹ́ kí n—

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀dàlẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ olólùfẹ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ jókòó, a fẹnu kò pé wọ́n jí orin Bàbá, a ní olè ni wọ́n, ìwọ nìkan lo ní rárá. Àbúrò mi tí mo pọ̀n!

ÀBÚRÒ: Ẹ ò pọ̀n mí rí. Ọdún méjì péré lẹ fi jù mí lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fà ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan náà ni.

ÀBÚRÒ: Mo kàn sọ ohun tí etí mi gbọ́ ni. Mo ní Gbóhùngbóhùn, olórí olórin wọn, ń kọ orin yẹn bí ẹni tí àárò èèyàn kan ń sọ. Olè kì í dún báyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Olè tó bá lóhùn dáadáa ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ó dáa, ó dáa. Ẹ̀gbọ́n, ìlà wo lẹ ní kí àwọn èèyàn yín jókòó sí?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo fẹ́ fi ṣe? Kí o lè lọ sọ fún wọn?

ÀBÚRÒ: Ẹ sáà dá mi lóhùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìlà mẹ́ta iwájú. Kí wọ́n ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ "Aṣọ Orí Okùn", gbà-gbà-gbà tí wọ́n máa ń lù ṣíwájú orin yẹn, gbogbo wọn máa dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa kọ̀yìn sí wọn. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa yí. Apá ọ̀tún la jọ máa gbà. Ó rẹwà!

ÀBÚRÒ: Yéè. Yéè, yéè, yéè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dùn ẹ́?

ÀBÚRÒ: [ó ń rẹ́rìn-ín] Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí o. [Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá.] —nínú ọkọ̀ wọn—

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wà nínú ọkọ̀? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: —gìtá ń bẹ lọ́wọ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn, jọ̀ọ́!

ÀBÚRÒ: Mo ti kúrò. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní Bàbá Jẹ́jẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn!

[Ohun irin kan jábọ́.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Sísọ́ọ̀sì yín ti jábọ́ o.

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá Jẹ́jẹ́ wo?

ÀBÚRÒ: Mélòó ni wọ́n? Bàbá Jẹ́jẹ́ tó ni "Aṣọ Orí Okùn". Tí fọ́tò wọn wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Tí ẹ máa ń kí láàárọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò kì í kí wọn. Mo kàn máa ń nu eruku ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ máa ń kí wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró jẹ́ẹ́, abẹ́rẹ́ á gún yín. Àbúrò, ó dá ẹ lójú? Wọ́n ti pa orin tì tipẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ní wọ́n ti kú.

ÀBÚRÒ: Òkú wo? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àga lọ́wọ́ mi ni. Gbóhùngbóhùn fúnra rẹ̀ ló gbé gìtá wọn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ fi ya gbogbo èèyàn lẹ́nu ni, Ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá ti lu gbà-gbà-gbà yẹn, àwọn Ọmọ Ariwo á sún sẹ́yìn, Bàbá Jẹ́jẹ́ á jáde síwájú. Bàbá gan-an ló máa kọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n á jáde síwájú—

ÀBÚRÒ: Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí—

Ẹ̀GBỌ́N: —ìlà mẹ́ta mi á wá—

ÀBÚRÒ: —yí. Láti apá ọ̀tún. Pẹ̀lú ẹwà.

Ẹ̀GBỌ́N: Oh my God.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ló dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti rán èèyàn kí wọ́n lọ kọ̀yìn sí Bàbá Jẹ́jẹ́ nítorí Bàbá Jẹ́jẹ́!

[Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Yé! Abẹ́rẹ́! Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín!

ÀBÚRÒ: Ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n má yí mọ́!

Ẹ̀GBỌ́N: Fóònù wo ni mo fẹ́ pè? Wọ́n ti gba fóònù gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ lọ sọ fún wọn!

ÀBÚRÒ: Èmi ọ̀dàlẹ̀? Mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà kí n tó pè yín, mo ní ohun yòówù tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n má ṣe é. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní àwọn Ọmọ Ariwo ló rán mi. Ó ní àfi kí ẹ̀yin alága fẹnu ara yín sọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ dáadáa ni akọ̀wé yẹn. Ó kàn gbọ́ràn jù ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ máa bọ̀!

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró ná. Dúró. Ìyẹn ò sọ pé wọn ò jalè.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n!

Ẹ̀GBỌ́N: I'm serious. Bí mo bá jí aṣọ ẹ, tí mo wá fi mọ́tò gbé ẹ wá wo aṣọ náà lọ́rùn mi, ṣé mi ò jalè ni? Nígbà tí wọ́n bi Gbóhùngbóhùn lórí rédíò pé níbo ló ti rí orin yẹn, kí ló sọ?

ÀBÚRÒ: Ó ní inú ògiri lòún ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Inú ògiri! Kò rí àgbàlagbà dárúkọ, ògiri ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ó tún wá ń fi igi lu gbà-gbà-gbà síwájú orin tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń ká aṣọ. Kí ni ìyẹn? Káfíńtà ni?

ÀBÚRÒ: Ẹ bi Bàbá fúnra yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Bí mo bá rí wọn.

ÀBÚRÒ: Wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n ti ń gbọ́ yín láti àárọ̀. Ohùn yín kì í ṣe ohùn tó ń fara pa mọ́, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Má ṣe bẹ́ẹ̀. Please. Má gbé fóònù fún—

BÀBÁ: Hẹ̀lóò. Ẹ kú iṣẹ́ o.

[Ẹ̀gbọ́n kígbe. Àga ṣubú.]

BÀBÁ: Ṣé kò sí nǹkan?

Ẹ̀GBỌ́N: Aṣọ. Aṣọ ni mò ń rán, sà. Ẹ kú orí okùn. Rárá! Ẹ kú ọ̀sán, sà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Wọn ò rí yín o. Ẹ dìde nílẹ̀.

BÀBÁ: Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń bínú nítorí mi. Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bínú nítorí mi. [Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.] Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Gbóhùngbóhùn sọ. Ilé kan náà la háyà nígbà kan, èmi àti ìyá rẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́ ló wà láàárín yàrá mi àti tiwọn. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé lálẹ́, màá kọrin. Bí mo bá parí báyìí, á gbá ògiri láti ọ̀dọ̀ tiwọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí n tún un kọ ló ń wí.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbà-gbà-gbà.

BÀBÁ: Ẹ gbọ́. Ó lè gbá a títí ìyá rẹ̀ á fi gún iyán tán— [ariwo] —ìdájí ni mò ń jáde, kò rí mi rí, èmi náà ò mọ ojú rẹ̀. Ògiri la jọ mọ̀. Ìgbà tó dàgbà, tó wá bi mí bóyá òún lè kọ ọ́, mo ní bí kò bá yọ gbígbá yẹn kúrò.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò dárúkọ yín, sà. Ìyẹn ló dùn mí.

BÀBÁ: Èmi ni mo ní kó má dárúkọ mi. Ẹ mọ ìṣe ẹ̀yin olólùfẹ́. Ẹ máa wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ máa kọ orin mi fún mi. Èmi sì fẹ́ sùn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Wọ́n mọ̀ yín o, Ẹ̀gbọ́n!

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jáde. Àwọn èèyàn mi máa kọ̀yìn sí yín. Èmi ni mo rán wọn. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n.

BÀBÁ: Ọdún mélòó ni mo fi kọjú sí ògiri kọrin? Ẹ̀yìn èèyàn sàn. Ẹ̀yìn èèyàn á máa mì bí orin bá dùn. Ẹ gba àbúrò yín.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò bínú!

ÀBÚRÒ: Ẹnu wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti ń tún okùn gìtá kan náà fà léraléra. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá jáde tí wọn ò rí ojú kankan, wọ́n lè má lè yanu rárá.



Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ọ̀sì! Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù yín dà?

NỌ́Ọ̀SÌ: Aṣọ mi ńkọ́? Apá kan ṣoṣo ló ní!

Ẹ̀GBỌ́N: Apá kan á gbé wa débẹ̀!

[Ilẹ̀kùn. Alùpùpù hó. Afẹ́fẹ́.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Afẹ́fẹ́ ni! Ṣé o gbọ́ mi?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ má dì mọ́ mi níbẹ̀ yẹn, abẹ́rẹ́ ń gún mi!

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń gún èmi náà! Ẹ tẹ̀ ẹ́!

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti ń pariwo nínú gbọ̀ngàn. Ó kan orin yẹn báyìí. Wọ́n ti wá pe Bàbá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣebí ìwọ lo ni iná! Bà á jẹ́!

ÀBÚRÒ: Kí n ba iná jẹ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Díẹ̀! Jẹ́ kó kàn wúkọ́!

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ mi nìyẹn o! Wọ́n á lé mi!

Ẹ̀GBỌ́N: Màá kọ́ ẹ níṣẹ́ aṣọ rírán!

ÀBÚRÒ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. [Ó mí kanlẹ̀.] Ẹ dúró. [Ohun kan ta kó. Èrò hó yèè.] Iná ti lọ, mo ti yọ fíùsì kan. Ó wà nínú àpò mi. Wọ́n ti ń bú mi. Ẹ tètè!

Ẹ̀GBỌ́N: A ti dé oríta. Àbúrò mi tí mo pọ̀n!

ÀBÚRÒ: Kí lẹ máa sọ fún wọn? Ẹ máa ní ẹ ṣì í?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi? Alága? Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Màá ní kí wọ́n yí bí mo ṣe kọ́ wọn, kí wọ́n má ṣáà dúró. Kí wọ́n yí padà kojú Bàbá. Kí wọ́n tún yí.

ÀBÚRÒ: Ìyẹn ti di ijó.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti di ijó!

ÀBÚRÒ: Ẹ wá gbà pé wọn ò jalè?

Ẹ̀GBỌ́N: Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa níbí. Mi ò gbọ́ ẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbọ́ mi!

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò gbọ́ rárá.

[Bíréèkì ké. Ẹsẹ̀ ń sáré.]

ÀBÚRÒ: Mo rí yín! Ẹ̀gbọ́n, èmi rè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé níbí, mò ń juwọ́! Ẹ wo apá ibí!

NỌ́Ọ̀SÌ: [láti ọ̀ọ́kán] Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá yọ abẹ́rẹ́ yín lára mi!

AṢỌ́NÀ: Màdáámù, ẹ mú fóònù—

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ gbà, ẹ gbà, ẹ gbà!

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n? Wọ́n ti wọlé. Wọn ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Hẹ̀lóò? Aṣọ́nà, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ bá mi bi wọ́n, jọ̀ọ́, ṣé kí n ti dá fíùsì padà ni, àbí—

[Ìpè já.]