Wáyà Tó Di Òpó Rédíò Mú

Òjò ti dá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì ṣú, òtútù sì ń mú, bí mo ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan ní Ìkòsì, tí mò ń dúró de sítóòfù mi. Bàbá kan ń ṣàlàyé irú ìkọ́ tó fẹ́ fún òpó irin gíga ẹ̀yìn ilé rẹ̀, èyí tó fi ń bá àwọn ará òkè òkun sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ni obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan bá wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ má bínú. Èmi ni mo tú ọ̀kan nínú wáyà tó di òpó yín mú. Mo fà á lọ so mọ́ wíńdò wa, mo fi ń sáṣọ. Ìjì àná yẹn, n ò sùn rárá. Mo ní ó máa wó lu yàrá tí ọmọ mi wà."

"Ṣé ó wó?"

"Kò wó, sà."

"Ọjọ́ tí o tú u ni mo ti rí i. Mo ti so òmíràn rọ́pò."

"Ẹ rí i, ẹ ò sì bú mi?"

"Aṣọ ọmọ tuntun ni mo bá lórí rẹ̀. Ta ló máa ká ìyẹn sílẹ̀? Dìde jàre."

Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Èmi náà mí kanlẹ̀. Aṣọ ọmọ tuntun, ta ló máa ká a sílẹ̀ lóòótọ́?

Lọ́jọ́ kejì, mo ra okùn ní Mile 12, mo sì ká aṣọ tèmi kúrò lára wáyà tó di òpó tẹlifíṣọ̀n onílé wa mú.