Apá Karùn-ún Fíìmù Òòrẹ̀

Èmi ni mo jẹ̀bi: mo sọ fún ìyá kan pé mo ti wo fíìmù ọmọdé kan tí mi ò tíì wò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa da fíìmù sí fóònù àwọn èèyàn ní ìsọ̀ mi ní Òkè-Ìléwó. Lọ́jọ́ kejì, a jọ wọ takisí lọ sí Ìbarà, ìyá náà àti bàbá àgbà kan níwájú, èmi lẹ́yìn. Kò rí mi.

Ìyá náà ní, "Ẹ̀rín lèmi àtọmọ mi fi wo apá mẹ́rin àkọ́kọ́, bàbá. Apá karùn-ún dé, wọ́n pa bàbá òòrẹ̀! Fíìmù ọmọdé!"

"Ṣé òòrẹ̀ kì í kú ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, sà. Bàbá ọmọ mi ti kú. A sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ purọ́ fún ọmọ?"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ ọdún márùn-ún ni? Èmi ni mo fẹ́ yan ọjọ́ tó máa gbọ́. Fíìmù játijàti yẹn ló bá mi yàn án!"

"Kí lọmọ wá wí?"

"Ó ní, 'Màmá, ṣé ibi tí bàbá òòrẹ̀ lọ ni dádì lọ?'"

Bàbá náà ṣí fìlà lórí.

Ìyá náà ní, "Mo sì bi ọmọkùnrin tó bá mi dà á sí fóònù pé ṣé kò síkú níbẹ̀. Ó ní òun ti wò ó, ẹ̀rín ni látòkè délẹ̀. Ọlọ́run á bi í!"

Mo sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé Ìbarà. Mo ti wo fíìmù náà tán báyìí. Ìyá yẹn ti gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ síbẹ̀.