Ìyá Mi Ń Fi "Ẹ" Bá Mi Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ìyá ń kí ọmọ tó bí ní "ẹ káàárọ̀, mà"? Ìyá tèmi ń kí mi bẹ́ẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní Àbẹ̀kẹ́ láti kékeré, "mádàámù" ni mo dà lẹ́nu wọn báyìí. Mi ò lè purọ́, àfọwọ́fà ni.

Iṣẹ́ katúùnù ni mò ń ṣe, àwòrán tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀. Yàrá kan ni mo gbà fún un ní Ifákò. Lọ́dún tó kọjá, àwọn olùwádìí kan gbéṣẹ́ wá. Wọ́n ti ṣèwádìí lórí bí ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe ń ba ara jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ka ìwé oníwádìí? Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di katúùnù tí yóò yé ará Agége.

Màmá mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan n'Íkẹjà. Owó ibẹ̀ ni wọ́n fi rán mi níwèé. Títí dòní, wọn ò lè jẹun kí wọ́n má mu ìgò kan lé e. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo kàn fi ń ti oúnjẹ sísàlẹ̀ ni." Bẹ́ẹ̀ àtọ̀gbẹ ti mú wọn, egbò ẹsẹ̀ òsì wọn ò jiná, wọ́n sì ń tiro. Mo ya ìtiro náà. Mo ya bí wọ́n ṣe ń ká ìró sókè lápá kan. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí i pẹ̀lú. Mi ò tọrọ àyè o! Ṣebí ìyá mi ni? Orúkọ wọn ò kúkú sí níbẹ̀.

Háà! Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wẹ egbò fún màmá mi ni àwọn olùwádìí kọ́kọ́ gbé katúùnù náà sí, lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi táwọn aláìsàn ń jókòó sí. Ìyá inú àwòrán tiro kọjá, ó ní òun kàn fi ń ti oúnjẹ sísàlẹ̀ ni, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan bá yíjú sí màmá mi: "Màmá, ẹ̀yin kọ́ yìí?" Màmá mi dìde, wọ́n tiro jáde. Ẹ̀rín tún le sí i. Láti ọjọ́ náà, wọn ò padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn olùwádìí ń yìn mí, wọ́n ní iṣẹ́ náà yé tajá tẹran. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwòrán ńkọ́? Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n èèyàn ti rí i tán. Egbò náà sì ti ń rùn. Lánàá, mo ra báńdéèjì àti oògùn, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yẹn."

Wọ́n fa ìró bò ó. "Ṣé ẹ tún fẹ́ yà á ni, mà?"

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹsẹ̀ yẹn má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni kí n sọ tí wọ́n á fi gbà lọ wẹ egbò? Kí wọ́n bú mi, mo gbà. Kí wọ́n gbá mi létí pàápàá. Kí wọ́n ṣáà pè mí ní "ìwọ".