Mo Sọ "Gbá" fún Àbúrò Mi, Mo sì Purọ́ pé "Gbà" Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí tán kí ẹ tó bú mi. Ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Ǹ bá má sọ ọ́ láé, bí kì í bá ṣe ohun tí àbúrò mi wí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ará etí òkun tún pè é sí iṣẹ́, ó sì kọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó gbọ́ èdè. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu.

Jos ni wọ́n bí wa sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa, tòmátì ló sì ń tà ní ọjà Farin Gada títí ó fi kú. Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé láti kékeré, ibẹ̀ ni Yorùbá ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Dáre, àbúrò mi, kò kúrò ní Jos. Hausa ló fi ń lá àlá. Bí ó bá sọ Yorùbá nígbà yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ á tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì bá wa rẹ́rìn-ín.

Inú omi ni iṣẹ́ wa wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Jos, ẹ mọ àwọn adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò Gyel ń fa omi ibẹ̀ sí oko lẹ́ẹ̀rùn, bí páìpù wọn bá há sísàlẹ̀, àwa ni wọ́n ń pè. Nígbà mìíràn, ẹ dákun, ẹni tó rì ni wọ́n ń ní ká bá àwọn wá jáde. A máa ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, a ó sì ki ẹ̀rọ ìmí bọnu.

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ ìmí yìí, níbi tó ti ń so mọ́ sílíńdà. Ọ̀kan dà bí ọwọ́ tó ń gbá ẹnu sílíńdà mú láti ìta. Èkejì, ẹnu sílíńdà ló ń gbà á sínú, a máa ń yí i wọlé bí ẹni ń yí gílóòbù iná. Sílíńdà tiwa níbí, èyí tó ń gbá ẹnu mú ló bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Etí mi òsì ló fọ́ lábẹ́ omi ní Gyel. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ wọ odò mọ́. Láti ìgbà náà, Dáre ló ń wọlé, èmi á dúró sí bèbè, màá di okùn tí a so mọ́ ọn lára mú. Ó yára jù mí lọ. Ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òun nìkan, wọn kì í béèrè èmi mọ́. Inú bí mi, mi ò sì jẹ́ kó hàn.

Ìgbà náà ni ọ̀gá kan láti etí òkun gbọ́ nípa rẹ̀. Ó fẹ́ kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Yorùbá ni ọ̀gá náà ń sọ, nítorí náà èmi ni mo gba ìpè. Ó ní kí Dáre mú ẹ̀rọ ìmí tirẹ̀ dání, torí ẹnikẹ́ni kì í bá ẹlòmíràn lo tẹnu ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní sílíńdà àwọn, èyí tí ẹnu gbà ló ń lò. Ó tilẹ̀ fi kún un pé èyí náà ló sàn fún ẹni tó bá ń rìnrìn àjò, pé irin kékeré kan wà tí a lè dé e lórí tí yóò fi bá sílíńdà Jos náà mu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún Dáre pé iṣẹ́ wà, pé kó wá ẹ̀rọ tirẹ̀ torí àjọlò ni tiwa, ṣùgbọ́n mi ò sọ irú èyí tí ọ̀gá wí fún un.

Olùkọ́ yunifásítì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Bauchi Road, ń fi ẹrù rẹ̀ tọrẹ torí ó ń padà sílùú wọn. Ó ti máa ń wọ omi nígbà tó wà lókè òkun. Oríṣi ẹ̀rọ méjèèjì ló ní, ó ní kí Dáre wá mú èyí tó bá wù ú. Dáre dé ibẹ̀, ó pè mí lórí fóònù.

"Bùọ̀dá, wanne? Èwo ni ọ̀gá yẹn wí?"

Hausa ni èmi àti ẹ̀ máa ń sọ. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ Yorùbá. Mo ti ń wá ibi tí màá sá sí kí n tó ṣẹ̀. Mo ní, "Èyí tó gbá ẹnu mú."

"Don Allah, ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá, ẹ sọ ọ́ ní Hausa."

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ́. Gbọ́ èdè bàbá ẹ."

Ó tún un pè bó ṣe máa ń pè é, láìsí òkè láìsí ìsàlẹ̀. "Gba... enu... ko?" Ó fi Hausa bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹ̀n-ẹ̀n.

Ó mú èyí tó ń gbá ẹnu mú, ó gbé e lọ sí etí òkun. Ẹ̀rọ rẹ̀ ò bá sílíńdà kankan mu. Ọkọ̀ fẹ́ gbéra, wọ́n mú ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ èyí tí yóò fi mí, kí ló fẹ́ wá ṣe nínú òkun. Ó padà sílé, ojú rẹ̀ ti wọlé.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Bùọ̀dá, kí lẹ wí fún mi gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Gbà ni mo wí, pé ẹnu gbà á. Ìwọ lo gbọ́ gbá. O ò gbọ́ Yorùbá."

Ó gbà mí gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé, lójú ẹsẹ̀ ló gbà mí gbọ́. Ó ní kí n má bínú.

Màmá wa wà níbẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun lòun ò kọ́ ọ lédè, pé òun jẹ́ kí Hausa àdúgbò tọ́ ọmọ òun dàgbà. Títí tí àìsàn fi dá a gúnlẹ̀ ló ń bẹ Dáre nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Èmi ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mi ò lanu. Ó fi ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ sí sàréè. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, ohun tí àwọn àgbà wí nìyẹn. Ní tèmi, ó yí padà. Dáre tó kó o ń sùn, èmi tí mo ṣu ni mi ò rí oorun sùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú màmá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá bí ọmọ iléèwé. Ó ní irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ sóun mọ́. Èmi ló fi ṣe olùkọ́. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ka ìwé ìròyìn sókè, màá máa tún ohùn rẹ̀ ṣe. "Bùọ̀dá, òkè ni àbí ìsàlẹ̀?" Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bó bá ti ń dúpẹ́, màá tètè ṣí ojú ìwé mìíràn fún un.

Ní báyìí Yorùbá rẹ̀ yanjú ju ti ọ̀pọ̀ lọ, síbẹ̀ kò gbà pé òun gbọ́ ọ. Ọ̀gá yẹn kò tíì mú ẹlòmíràn fún iṣẹ́ tuntun yìí, ó ní kí Dáre tún ọ̀rọ̀ náà rò. Mo ti gbìyànjú láti là á yé e. Mo bẹ̀rẹ̀ ní bèbè omi, mo tún bẹ̀rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹnu mi kọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, yóò lọ, ó sì lè má tún pè mí ní bùọ̀dá mọ́. Okùn lásán ló kù tí màá máa dì mú. Bí mi ò bá sọ ọ́, yóò wà lọ́dọ̀ mi, nínú irọ́ mi, títí a ó fi darúgbó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Kí màmá mi dárí jì mí níbi tó wà. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí i, Olóòtú. Ojú ìwé yìí gan-an ni Dáre fi ń kọ́ èdè. Òun ni yóò ka èyí sí mi létí ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìní àmì. Ẹ fi òkè sórí gbá, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sórí gbà. Yóò pe méjèèjì bó ṣe yẹ.