Àlùwàlá Orí Ọkọ̀

Ẹ̀yin jàmáà, àti ẹ̀yin ìyá wa tó wà lẹ́yìn gàgá, iṣẹ́ tí ojú ẹ̀dá ò tó ni wáàsí tòní dá lé. Ta ló ń wò ó? Ẹ dáhùn kí n gbọ́! Ọlọ́run ni. Ẹ ṣeun.

Láwàní ń tún inú ọkọ̀ ṣe n'Ìwó. Mudaṣírù gbé ọkọ̀ wá bá a nínú oṣù aàwẹ̀. Fóòmù dúdú tó ń gba ariwo lábẹ́ òrùlé ọkọ̀ náà ti já.

Mudaṣírù ní, "Bí òjò bá ń rọ̀, a kì í gbọ́ ara wa. Lọ́la ni mò ń gbé ìyá mi lọ Ṣakí. Àìsàn ti jẹ́ kí ohùn wọn rẹlẹ̀, mo sì fẹ́ máa gbọ́ wọn."

Láwàní ní, "Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n."

Ó parí lóòótọ́? Òùngbẹ ń gbẹ Láwàní, oòrùn ń pa á. Páànù òrùlé kún fún èruku àti ìpẹtà. Ó yẹ kó fọ̀ ọ́, kó nù ún gbẹ, kó tó fi gọ́ọ̀mù kàn án. Ó ní, "Aṣọ á bò ó." Ó lẹ fóòmù mọ́ ìdọ̀tí, ó ta aṣọ sí i, ó wá rí mèremère. Àwa èèyàn náà kọ́!

Nígbà tí ìrun Alásàrí tó, ó sáré ṣe àlùwàlá. Ó fọjú, ó fọwọ́, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀. Bàbá Ládàánì, tó ń pe ìrun, ní, "Láwàní, o ò fomi pa orí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Fìlà á bò ó, Bàbá."

"Ṣé ojú Ọlọ́run náà ni fìlà ń bò?"

Láwàní rántí páànù tó fi aṣọ bò. Ó tún àlùwàlá ṣe, ó kírun, ó bá Mudaṣírù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gbé e. Mi ò fọ páànù yẹn." Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó tún lẹ fóòmù mọ́ ọn. Ìdí iṣẹ́ ló ti ṣínu.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, Mudaṣírù gbé sàárà wá fún un.

"Ìyá mi ti lọ, Láwàní. Òjò ńlá ká wa mọ́nà Ṣakí. Wọ́n rọra ní, 'Mudaṣírù, inú mi dùn sí ọ.' Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú òjò náà, Láwàní. Mo gbọ́ ọ ketekete! Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san."

Láwàní bú sẹ́kún, ó ń wí pé, "Àlùhámúdù lílàhì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ fi aṣọ bò nílé? Ẹ lọ tú u. Ọlọ́run tó fi Ládàánì ta Láwàní jí, má ṣaláì rán ẹni tí yóò ta àwa náà jí. Jẹ́ kí ibi tó fara sin nínú iṣẹ́ wa mọ́. Àmín.